Ibi tí CV yín ń gbà kọjá kó tó di iṣẹ́: àlàyé fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ kọ CV, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bíi 40. Èsì kan náà ni gbogbo wọn fún yín: "A ti rí ìwé yín gbà, a ó kàn sí yín." Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wà nírú ipò yìí máa ń gbà pé ìmọ̀ òun ni kò tó. Á tún lọ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, á tún sanwó ìdánwò ìwé-ẹ̀rí mìíràn, á wá padà fi CV àná ránṣẹ́. Nígbà mìíràn, ìmọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí jù ni pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kò sì mọ ohun tó ń jẹ ẹni náà lọ́kàn.

Ìgbanisíṣẹ́ lẹ́ka kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìdánwò kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà bíi mẹ́rin ni, olùṣọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ìbéèrè tó sì ká kálukú wọn lára yàtọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wo CV ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé ẹni yìí jọ ẹni tí wọ́n ní kí n wá? Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń dán yín wò ń rò ó pé: ṣé iṣẹ́ mi á fúyẹ́ bí eléyìí bá dé, àbí ńṣe ni á tún wúwo sí i? Ọ̀gá ẹ̀ka ń wá ẹni tó lè fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kó sì lọ sùn. Ẹni tó ń mójú tó owó ní tirẹ̀ ń wo iye tó kù nínú àpò. Bí ẹ bá gbé ìdáhùn ti ọ̀gá ẹ̀ka fún olùṣọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yín máa parí sí, kódà bí ẹ bá gbọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Ìpolówó iṣẹ́ kì í ṣe òfin

Ẹ ó rí ìpolówó tí wọ́n ti to ohun méjìdínlógún jọ: èdè kọ̀ǹpútà mẹ́rin, irinṣẹ́ bíi Docker, Kubernetes, AWS àti Linux, ìwé-ẹ̀rí ààbò, ìrírí ọdún 5, tí wọ́n á sì tún kọ ọ́ sókè pé iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Kì í sábà jẹ́ ẹnì kan ló kọ irú rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka á kọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ á da ti ìpolówó ọdún tó kọjá mọ́ ọn, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà á sì ní kí wọ́n má ṣe gbàgbé irinṣẹ́ tí òun fẹ́ràn. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti di ẹrù tí ẹnì kan ò lè dá gbé.

Nígbà mìíràn, kò tiẹ̀ sí ẹni tó lè gbé e láyé yìí. Ní oṣù keje ọdún 2020, Sebastián Ramírez, ẹni tó ṣẹ̀dá FastAPI (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù ní èdè Python), kọ ọ́ sójú òpó Twitter rẹ̀ pé òun rí ìpolówó iṣẹ́ kan tó ń béèrè ìrírí ọdún 4, ó kéré tán, nínú FastAPI. Ó ní òun ò lè forúkọ sílẹ̀ fún un, torí ọdún kan ààbọ̀ péré ló tíì pé tí òun dá nǹkan náà sílẹ̀.

Báwo la ṣe wá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹ wá ohun tó ń padà wá. Bí nǹkan kan bá wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà, tó tún wà níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ojoojúmọ́, tó sì tún wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Èyí tó fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀ pátápátá, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Iye ọdún tí wọ́n kọ náà, ẹ má kà á bí kàlẹ́ńdà. Ọdún kan sí méjì túmọ̀ sí pé ẹ lè ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan bá ń bojú wò yín. Ọdún márùn-ún túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá gbé ìṣòro kan lé yín lọ́wọ́, ẹ ó yanjú rẹ̀ dópin láìsí pé ẹnì kan ń fà yín lọ́wọ́. Ó ju ìyẹn lọ, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa júwe ọ̀nà fáwọn ẹlòmíràn. Bí ìtàn iṣẹ́ yín bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn, tí ẹ sì ní bí ìdajì ohun tó ń padà wá yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́.

Àwọn ohun kan wà ṣá o tí kò ṣeé dúnàá dúrà: ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà, àyẹ̀wò ààbò ìjọba, àti èdè tí ẹ ó máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá ní ìwọ̀nyí, lẹ́tà yín, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ṣé ẹ̀rọ ló ń já CV jù nù?

Ìbẹ̀rù tó gbòde jù rèé. Wọ́n á ní ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ CV, tó sì ń tu èyí tí kò bá wù ú dànù kí èèyàn tó rí i. Àwọn tó ń ta iṣẹ́ àtúnkọ CV ló sì ń pariwo rẹ̀ jù, ẹ kíyè sí ìyẹn.

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ ni, ATS ni wọ́n ń pè é. Workday, Greenhouse, Lever àti Taleo wà lára wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti àpótí ìwé ju ti adájọ́ lọ. Á ka ọ̀rọ̀ inú CV yín, á gbìyànjú láti ya orúkọ, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, déètì àti ohun tí ẹ mọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì kó wọn pa mọ́. Nígbà tó bá yá, òṣìṣẹ́ tó ń wá èèyàn, ìyẹn recruiter, á tẹ ọ̀rọ̀ bíi "Linux" tàbí "PostgreSQL" sínú rẹ̀, gbogbo CV tó ní ọ̀rọ̀ náà á sì jáde.

Ibì kan wà tí ẹ̀rọ ti ń dá èèyàn padà láì bi ẹnikẹ́ni: àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ tí ẹ ń dáhùn nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, tí ẹ sì tẹ bẹ́ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà yín. Àwọn ètò kan tún ń lo AI láti to CV ní ipò kìíní, ipò kejì. Àwọn òfin kan ti ń dé sí ìyẹn: láti oṣù keje ọdún 2023 ni ìlú New York ti ń fipá mú àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti jẹ́ kí ẹni òde yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣe ojúsàájú, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ pé àwọn ń lò ó. Ní Yúróòpù, òfin GDPR tó ń dáàbò bo dátà fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, àfi nínú àwọn ipò kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ CV kò jọ èyí rárá. Kò sẹ́ni tó ṣí i ni. Bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé bá wọlé fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, recruiter á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó kọ́kọ́ dé, ìgbà tó bá sì ti rí èèyàn bíi mẹ́wàá tó dára, á dúró. Ẹni tó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta lè mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ tètè fi ìwé ránṣẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ìpolówó jáde, dípò kí ẹ máa fi odindi ọ̀sẹ̀ yan àwọ̀ tí ẹ máa fi kun àkọlé.

Ní ti ìrísí, ẹ kọ ọ́ lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà ní òpó méjì tàbí inú tábìlì máa ń dà rú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kà á, ẹ̀rọ á sì fo èyí tó wà nínú àwòrán. Ẹ pe nǹkan ní orúkọ tí ìpolówó pè é: bí wọ́n bá kọ Kubernetes, ẹ má fi "K8s", ìkékúrú rẹ̀, nìkan sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbìyànjú ọgbọ́n àwọn tó ń fi lẹ́tà funfun kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé funfun. Bí ẹ̀rọ bá ti yọ ọ̀rọ̀ náà jáde, gbogbo rẹ̀ á hàn kedere lójú recruiter, á sì mọ irú ẹni tí òun ń bá lò.

Èyí tó kù ni ohun tí ẹ kọ gan-an. "Mo mójú tó àwọn sáfà" kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pèsè dátà fáwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) rí ló lè kọ ọ́. "Mo kọ ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dátà sáfà 60 fúnra rẹ̀ lálaalẹ́, iṣẹ́ tó ń gba wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Ẹni tó ka èyí ti mọ bí ibi iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó, ohun tí ẹ ṣe, àti ohun tó yí padà. Iye tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, torí òun gan-an ni wọ́n máa bi yín nígbà tó bá yá.

Ìpè àkọ́kọ́

Recruiter tó máa pè yín lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń sanwó fún kó bá wọn wá èèyàn. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ti ẹnì kejì yìí, lọ́pọ̀ ìgbà ìpín kan nínú owó oṣù ọdún àkọ́kọ́ yín. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó gba iṣẹ́, tàbí tó fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ pé kí ẹ fi ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ "oníbàárà wa" kí ẹ dá ìyókù padà, gbájú-ẹ̀ ni. Bákan náà ni ẹni tó gbà yín síṣẹ́ lórí Telegram láì tíì gbọ́ ohùn yín rí.

Recruiter kì í sábà jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni wọ́n ń lò, ohun tí wọ́n sì ń wá ni ìtàn tó ṣeé tún sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka: ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ìdí tí ẹ fi fẹ́ kúrò, owó tí ẹ ń fẹ́, ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín TCP àti UDP (ìlànà méjì tí dátà ń gbà rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) fún un, ẹ ti ṣìlẹ̀kùn.

Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́

Ibí ni àyà ti máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn, ibí náà sì ni àṣìlóye ti pọ̀ jù.

Ní ọdún 2007, Imran Ghory sọ̀rọ̀ nípa ìbéèrè kékeré kan tó pè ní FizzBuzz. Ẹ kọ ètò tó máa ka 1 dé 100. Bí nọ́ńbà bá ṣeé fi 3 pín, kó kọ Fizz. Bó bá ṣeé fi 5 pín, kó kọ Buzz. Bó bá ṣeé fi méjèèjì pín, kó kọ FizzBuzz. Ìyẹn ò le, wọn ò sì ní i lọ́kàn pé kó le. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ "mo mọ Python" sínú CV lè kọ ìlà kóòdù mẹ́wàá láì jẹ́ pé ẹnì kan ràn án lọ́wọ́. Látìgbà náà, ìbéèrè ti ń le sí i, títí dé irú èyí tó kún orí LeetCode àti HackerRank, àwọn ojú òpó tí èèyàn ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò.

Ṣé àwọn ìbéèrè yẹn ń fi òṣìṣẹ́ tó dáa hàn? Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2015, Max Howell, tó ṣẹ̀dá Homebrew (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà Mac), kéde pé Google kọ òun: ó ní ọ̀pọ̀ jù lọ onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ló ń lo nǹkan tí òun kọ, ṣùgbọ́n nítorí òun ò lè dorí igi alápá-méjì (binary tree, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to dátà) kodò lórí pátákó, ó dìgbà. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Laszlo Bock, ọ̀gá tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Google nígbà náà, ti sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé àwọn àlọ́ bíi "bọ́ọ̀lù mélòó ló lè wọ inú ọkọ̀ òfuurufú" ń fi àkókò ṣòfò, pé wọn kì í sọ bí ẹnì kan ṣe máa ṣe dáadáa tó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rí i pé àwọn tó ń ṣe ìdánwò pàápàá ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é, ó sì yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe máàkì.

Ìdáhùn tó tọ̀nà jẹ́ apá kan lásán. Ẹni tó jókòó tì yín ń kọ̀wé sílẹ̀: ṣé ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìbéèrè náà fi pa mọ́, àbí ẹ kàn fò mọ́ kóòdù? Ṣé ó ń gbọ́ èrò yín, àbí ẹ dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú? Nígbà tí ẹ parí, ṣé ẹ fúnra yín ló gbìyànjú láti fi nọ́ńbà òdo tàbí àkọsílẹ̀ òfìfo dán an wò, àbí òun ló rán yín létí? Bó bá tọ́ yín sọ́nà, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Mo mọyì ẹni tó bá sọ pé "ọ̀nà yìí á ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó máa lọ́ra bí dátà bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ kí n tó tún un ṣe" ju ẹni tó há ìdáhùn sórí lọ. Ó máa ń hàn bí èèyàn bá há a sórí. Ẹ yí ìbéèrè náà díẹ̀ péré, gbogbo rẹ̀ á wó.

Fún àwọn tí kì í ṣe kóòdù, tó jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ìrànlọ́wọ́ fún oníṣẹ́ ni tiwọn, ìbéèrè a máa rí báyìí: òṣìṣẹ́ kan pè pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ò ṣiṣẹ́, kí lẹ ó ṣe? Ẹni tó bá dáhùn pé "màá tún ẹ̀rọ náà tàn" lè jàre ní ayé gidi, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gbọ́. Ẹ tọ ọ́ bọ̀ létòlétò. Ṣé òun nìkan ni, àbí gbogbo yàrá? Ṣé okùn tàbí Wi-Fi so mọ́ ọn? Ṣé ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀? Bí àdírẹ́sì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ti DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fáwọn ẹ̀rọ) gbà nìyẹn, ọ̀dọ̀ DHCP tàbí ojú ọ̀nà tó dé ibẹ̀ lẹ ó kọjú sí. Bó bá ní i, ṣé ó lè dé ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ṣé ó lè dé 8.8.8.8, àdírẹ́sì kan ti Google, níta? Bí nọ́ńbà bá dé tí orúkọ wẹ́ẹ̀bù kò sì dé, DNS, ètò tó ń yí orúkọ wẹ́ẹ̀bù padà sí nọ́ńbà, ni ẹ mú. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹ ṣe ń gé ibi tí ìṣòro lè wà kù, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó sọ èyí ketekete láì ní ìwé-ẹ̀rí kankan máa ń borí ẹni tó ní mẹ́ta àmọ́ tí kò mọ ibi tó máa gbé e gbà.

Iṣẹ́ àmúrelé tún wà. Ẹ béèrè ṣáájú iye wákàtí tí wọ́n retí àti bóyá wọ́n gbà kí ẹ lo AI. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láìsí owó, tó sì jọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà lè gbé lọ tà, èmi ò ní í ṣe é.

Ìwé-ẹ̀rí ńkọ́?

Ìwé-ẹ̀rí wúlò jù fún olùṣọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí kò mọ bó ṣe máa dán ìmọ̀ yín wò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fúyẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú: A+ àti Security+ ti CompTIA, CCNA ti Cisco àti ìwé-ẹ̀rí AWS, ọdún 3 ni wọ́n ń lò. Ti Microsoft tó wà fún ipò iṣẹ́ kan pàtó, ọdún kan ni, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ́ dọ̀tun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ìpìlẹ̀ wọn kì í kú. Mo máa ń rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ààbò tó ń kówó jọ fún CISSP, ìwé-ẹ̀rí ààbò kọ̀ǹpútà fáwọn onírìírí. Ìyẹn ń béèrè ìrírí ọdún 5 tí wọ́n ń sanwó fún, nínú ó kéré tán ẹ̀ka méjì lára mẹ́jọ tó ní. Oyè ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè dín ọdún kan kù níbẹ̀. Ẹni tó bá yege láì ní ìrírí yẹn kò tíì di CISSP. Associate ni wọ́n á máa pè é, ọdún 6 ló sì ní láti fi kó ìrírí náà jọ. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá ẹ̀ka, àti owó

"Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Bí ìbéèrè ọ̀gá ṣe máa ń rí nìyẹn. Ètò tí wọ́n ń pè ní STAR ló rọrùn jù láti fi dáhùn: bí nǹkan ṣe rí, ohun tó jẹ́ ojúṣe yín, ohun tí ẹ ṣe, ibi tó já sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo àkókò tó pọ̀ jù lórí ti àkọ́kọ́, wọ́n á máa ròyìn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ títí agogo á fi lù. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sì lọ sí ohun tí ẹ ṣe. Ẹ sì sọ "mo", kì í ṣe "a", níbi tó bá ti jẹ́ ẹ̀yin.

Ní ti owó, ẹ má wo iye oṣooṣù nìkan. Bí wọ́n bá fún yín ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ètò tó wọ́pọ̀ ni pé ọdún 4 ló máa gbà kó tó di tiyín tán, kò sì sí ìkankan tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ kí ọdún kìíní tó pé. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, òfo ló mú lọ. Níbi tí òfin ti ń fipá mú wọn láti kọ iye owó sínú ìpolówó, bíi Colorado láti ọdún 2021 àti California láti ọdún 2023, ẹ lè fi ìpolówó àwọn ibẹ̀ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń san fún irú iṣẹ́ yín, kódà bí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Ibòmíràn lè má san iye yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ bí ipò kan ṣe ju òmíràn lọ.

Nígbà tí wọn ò bá dá yín lóhùn

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í sábà jẹ́ ìdájọ́ lórí ìmọ̀ yín. Wọ́n lè ti fi ẹni inú ilé sípò náà. Owó ipò náà lè ti dúró. Ọjà pàápàá lè ti yí padà: Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 11,000 dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2023, Google kéde 12,000, Microsoft 10,000, Amazon lé ní 18,000. Àwọn onírìírí wọ̀nyẹn bọ́ sígboro lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń dù.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ wo ibi tí ẹ ti ń já. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè yín rárá, CV ni, tàbí irú iṣẹ́ tí ẹ ń dù, tàbí pé ẹ ń pẹ́ dé. Bí wọ́n bá ń pè yín tí ọ̀rọ̀ sì ń parí sórí fóònù, ìtàn yín ni. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìdánwò ni, ìgbà yẹn gan-an ló tó kí ẹ padà sídìí ìwé. Bí ẹ bá ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá léraléra tí wọ́n sì ń mú ẹlòmíràn, kò sí àtúnṣe ńlá kan tó kù. Ẹ máa bá a lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó sì kọ̀ yín, orúkọ yín ṣì wà nínú ATS wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń ní kí èèyàn dúró oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó tún gbìyànjú. Ẹ kọ orúkọ recruiter náà sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ẹ bi í ìgbà tí ẹ lè padà wá. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, òun lẹ ó kọ̀wé sí ní tààrà, ẹ ó sọ ìpele tí ẹ dé nígbà yẹn àti ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà náà, dípò kí ẹ tún gba ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ wọlé.